Ẹ Bi Wá: Eku Kò Kú, Ṣé Àgbo Ti Di Aláìléwu Nìyẹn?

Ìbéèrè nípa àgbo tí wọ́n fi eku dán wò ló pọ̀ jù nínú àpótí wa lóṣù yìí. A mú mẹ́fà nínú wọn. Àwọn kan gùn, àwọn kan kò gùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdáhùn wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbo ibà ni mo ń tà ní Ojúwòyè. Dọ́ńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ, ewé máńgòrò, koríko ọba àti èèpo ahùn ni mo ń sè pọ̀, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì mú ìwé wá pé wọ́n fún eku ní 5000 mg/kg, kò sí èyí tó kú. Ó ní kí n kọ “kò léwu rárá” sára ìgò. Ṣé kí n kọ ọ́? *Ìyá Alágbo, Mushin*

ÌDÁHÙN: Ẹ má kọ ọ́, ìyá. Ìwé yẹn lè jẹ́ òótọ́ láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ ohun tó sọ kò tó ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ ká túmọ̀ nọ́ńbà náà. 5000 mg/kg ni pé eku tó bá wọn kílò kan yóò mu gírámù márùn-ún. Eku funfun inú láàbù kì í tó kílò kan; bíi gírámù 200 ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n, nítorí náà gírámù kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Kì í sì ṣe gírámù ewé, kì í ṣe ife àgbo. Ohun gbígbẹ tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá fa omi inú àgbo gbẹ tán, tó máa ń lẹ̀ mọ́ àwo bí ọ̀dà, òun ni wọ́n ń wọ̀n.

Láti gbé e wá sọ́dọ̀ ènìyàn, a kì í fi ìwọ̀n ara nìkan ṣe ìṣirò, nítorí ara eku kéékèèké máa ń tètè lo oògùn tán ju tiwa lọ. Wọ́n máa ń pín iye tí eku gbà sí 6.2, bó bá jẹ́ ẹlírí funfun, 12.3 ni wọ́n fi ń pín in. 5000 yóò di bíi 806. Fún ẹni tó wọn kílò 60, bíi gírámù 48 nìyẹn. Oníbàárà wo ló ń mu gírámù 48 lẹ́ẹ̀kan náà? Nítorí náà, ìwé yín sọ ohun kan tó dára: ẹni tó ṣèèṣì mu àmujù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò jọ ẹni tí yóò tibẹ̀ kú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí.

Kò sọ nǹkan kan nípa awakọ̀ tó ń mu ún láràárọ̀ kó tó kúrò ní gáréèjì, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kì í tètè ké. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn ń mu ewé àti egbò ilẹ̀ Ṣáínà kan. Àṣìṣe wọlé: dípò egbò tó ń jẹ́ Stephania, Aristolochia ni wọ́n kó sí i. Kò sí ẹni tó dákú lọ́jọ́ kìíní. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ní 1993 àwọn dókítà kéde rẹ̀, nígbà tó sì ṣe, jẹjẹrẹ tún yọ sójú ọ̀nà ìtọ̀ àwọn kan nínú wọn. Ìdánwò ọlọ́jọ́ kan kò lè rí irú èyí.

Ẹ padà lọ bi ẹni tó mú ìwé wá pé: eku mélòó ló gba 5000? Bó bá jẹ́ ìlànà ìdánwò májèlé tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Lorke gbé jáde ní 1983 ni wọ́n tẹ̀ lé, eku mẹ́sàn-án ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta fún 10, 100 àti 1000. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n mú mẹ́ta mìíràn fún 1600, 2900 àti 5000. Eku kan ṣoṣo ló gba 5000 yẹn, ìyá. Eku kan. Ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ṣọ́ wọn: àwọn tó ń lo ti Lorke sábà máa ń fi í mọ ní wákàtí 24, ìlànà àjọ OECD tí ayé ń lò báyìí ní ọjọ́ 14. Ẹ tún bi í pé kí ni wọ́n fi yọ oògùn inú ewé. Bó bá jẹ́ pé ewé lásán ni wọ́n rà, tí wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú ethanol, ìyẹn ọtí líle, àgbo mìíràn ni wọ́n dán wò, kì í ṣe èyí tí ẹ ń sè. Ohun tí ethanol ń fà jáde nínú ewé kò bá ohun tí omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ ń fà jáde dọ́gba. Àgbo inú ìkòkò yín gan-an, pẹ̀lú ewé márààrún, ló yẹ kó dé ẹnu eku.

Ní ti ìgò, àgbo tí NAFDAC kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ìbílẹ̀ máa ń ní gbólóhùn lára pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olùtà sọ pé ó ń wò wò. Ẹ wo bí “kò léwu rárá” yóò ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ewúro ni mò ń dán wò. Gbogbo ohun tí mo kà ló sọ pé 2000 mg/kg kì í pa eku, ṣùgbọ́n méjì nínú mẹ́ta kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé ewúro ti ibí yìí ní májèlé ni? *Akẹ́kọ̀ọ́, Akọka*

ÌDÁHÙN: Eku tó bá kú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe ewé. Ẹ la àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá wúwo tó sì tutù, tí ìfófòó aláwọ̀ ewé wà nínú kòmóòkun, oògùn ti gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹ má kà á mọ́ ohun tí ewúro pa, kí ẹ má sì fi pamọ́ fún ọ̀gá yín. Eku tó kú tí ẹnikẹ́ni kò là wò, òfò ni.

Ọ̀nà méjì ni oògùn sábà máa ń gbà débẹ̀. Èkíní ni abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ olórí roboto ni kí ẹ lò, gauge 16 sí 18 fún eku, 18 sí 20 fún ẹlírí. Kí ẹ tó kì í bọ ẹnu, ẹ fi wọn ara eku láti ìta, láti ṣóńṣó ẹnu dé ìhà tó kẹ́yìn, kí ẹ sì sàmì sí i. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé kọjá àmì yẹn. Ẹ di awọ ẹ̀yìn ọrùn mú kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà lórí ìlà kan. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọlé, níbi tí kò sí eyín, kí ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ máa yọ̀ lọ. Bó bá kọ̀, ẹ fà á jáde, ẹ má tì í. Bí eku bá húkọ́ tàbí tó ń jà fún èémí, ẹ fà á jáde. Ẹ nu ara abẹ́rẹ́ kó tó wọlé, nítorí ìkán oògùn tó wà lára rẹ̀ tó láti kán sí ọ̀nà èémí.

Ọ̀nà kejì ni omi tó pọ̀ jù, òun la sì rò pé ó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹ wo ìṣirò náà. Eku gírámù 180, ní 2000 mg/kg, mílígírámù 360 ni tirẹ̀. Bí ẹ bá po ó kó jẹ́ 200 mg nínú mílílítà kan, 1.8 ml ló máa mu, ó sì bá a mu gẹ́lẹ́, nítorí mílílítà kan fún gírámù 100 ara ni a máa ń fún un. Bó bá jẹ́ omi ni a fi po ó, ó lè dé méjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 50 mg nínú mílílítà kan ni ẹ pò, 7.2 ml ló di dandan kó mu. Àpòlúkù rẹ̀ kò lè gbà á. Yóò padà gun ọ̀fun wá, ibẹ̀ ni yóò ti ṣubú sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìwọ̀n pípò ni kí ẹ máa yí padà láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, kí iye omi máa jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí oògùn bá ki tí kò gba abẹ́rẹ́ kọjá, Tween 80 díẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú kí oògùn pò mọ́ omi, yóò tú u. Ẹgbẹ́ olómi, ìyẹn àwọn tí kò mu ewé, gbọ́dọ̀ mu omi tó ní Tween 80 kan náà. Bó bá sì jẹ́ ethanol ni ẹ fi yọ ewúro, ẹ rí i dájú pé ó ti fò tán. Ẹ wọn àwo náà, ẹ gbé e padà sórí omi tó gbóná tó 40°C fún wákàtí kan, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìwọ̀n kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọtí ni yóò máa pa eku, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewúro ń mú oorun wá.

Ẹ gba oúnjẹ lọ́wọ́ eku lóru ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi omi sílẹ̀. Ẹlírí kò ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Kí ẹ rántí pé eku tí ebi ń pa máa ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀ àti ìyẹ̀ pákó tó sùn lé, nítorí náà ẹ wo ìsàlẹ̀ àgò kí ẹ tó sọ pé ikùn ṣófo. Lẹ́yìn oògùn, oúnjẹ padà ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin fún eku.

Ẹ jókòó tì wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, láìdìde. Ẹ máa padà wá léraléra títí wákàtí mẹ́rin yóò fi pé, lẹ́yìn náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 14, pẹ̀lú ìwọ̀n ara ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Irun tó dìde, itọ́ tó ń ṣàn, gbígbọ̀n, gìrì, ìgbẹ́ gbuuru, mímí tó yí padà, ẹ kọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀ àti aago tí ó dáwọ́ dúró. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀: eku kì í bì. Kò lè bì. Ewé tí yóò mú ènìyàn bì kíkankíkan, eku yóò kàn kó ara jọ sí igun ni. Ṣùgbọ́n inú tó ń rìn ín máa ń mú kó jẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ, amọ̀ tàbí ìyẹ̀ pákó. Ẹ wá ìyẹn.

Nígbà mìíràn, bó bá jẹ́ ewé tí a kò mọ nǹkan nípa rẹ̀, ẹ má fi 2000 bẹ̀rẹ̀. Abo mẹ́ta tí kò lóyún ni kí ẹ fún ní 300, kí ẹ wo bó ṣe rí, kí ẹ tó gòkè. Abo ni a ń lò nítorí pé níbi tí ìyàtọ̀ bá wà, òun ló sábà máa ń tètè fara gbá a díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ pa eku ogójì kí ẹ lè rí LD50, ìyẹn iye oògùn tó ń pa ìdajì eku, tó ṣe wẹ́kú, ẹ sọ fún un pé OECD ti fagi lé ìlànà yẹn láti 2002. Eku tó ń joró tí kò sì ní yè, ẹ má dúró kó kú fúnra rẹ̀. Ẹ pa á ní ọ̀nà tí kò ní fi jẹ̀rora, kí ẹ kà á mọ́ àwọn tó kú.

ÌBÉÈRÈ: Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi. Àgbo tí mo rà ní Jankara ní ìwé eku. Ṣé mo lè mu ún? *Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó*

ÌDÁHÙN: Ẹ má mu ún nítorí ìwé yẹn. Ìlànà ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ló ní kí abo eku má lóyún, nítorí náà kò sí ọlẹ̀ kankan tó bá wọn mu ún. Ìdánwò oyún dá dúró: bí ogún aboyún eku nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, oògùn láti bí ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà títí di ìsúnmọ́ ìbímọ, torí pé ọjọ́ 21 sí 22 ni oyún eku, lẹ́yìn náà wọ́n á yẹ egungun àti ìfun ọmọ kọ̀ọ̀kan wò. Eku nìkan kò sì tó. Thalidomide, oògùn kan tí àwọn aboyún ń lò, tí wọ́n kó kúrò lórí àtẹ ní Jámánì ní 1961 nígbà tí ọmọ ń wáyé láìní apá, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọlẹ̀ eku ní nǹkan. Ehoro ló fi í hàn. Ẹ fi àgbo náà han nọ́ọ̀sì tó ń gba yín lálejò ní ilé ìwòsàn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe ìdánwò ọjọ́ 28 lórí asùnwọ̀n. Ewé mélòó ni ká kó lọ, kí ni wọ́n sì máa bi wá? *Ẹgbẹ́ Oníṣègùn, Yaba*

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń gbàgbé nìyí, tí ewé fi ń tán ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹgbẹ́ mẹ́rin: olómi, 250, 500 àti 1000 mg/kg. Eku mẹ́wàá mẹ́wàá, akọ márùn-ún, abo márùn-ún. Eku gírámù 200 tó ń gba 1000 yóò jẹ mílígírámù 200 lóòjọ́. Mẹ́wàá wọn, fún ọjọ́ 28, gírámù 56. Ẹgbẹ́ 500, gírámù 28. Ẹgbẹ́ 250, 14. Àpapọ̀ rẹ̀ 98. Ṣùgbọ́n eku ń sanra bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, díẹ̀ á dà nù, díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ àwo, àwọn tó ń yẹ kẹ́míkà inú rẹ̀ wò náà á bù. Ẹ fi í sí 130. Ká ní gírámù mẹ́jọ ni ẹ ń rí nínú ọgọ́rùn-ún ewé gbígbẹ, kílò kan àti gírámù 625 ewé gbígbẹ ni. Bí ewé bá sì gbẹ tó ku ìdá mẹ́rin, kílò mẹ́fà ààbọ̀ ewé tútù lẹ ó gbé. Ẹ kọ́kọ́ se díẹ̀ kí ẹ mọ iye tó ń jáde ní tiyín, kí ẹ tó lọ já a.

Ẹ já gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lójú kan, kí ẹ sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ewé Oṣù Kẹta kì í ṣe ewé Oṣù Keje. Ní àsìkò òjò Èkó, ewé tí a tẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè bu kó tó gbẹ, májèlé èébu yóò sì dá wàhálà tí ẹ ó di ru asùnwọ̀n. Ibòji, afẹ́fẹ́ fáànù, kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì máa yí i. Ẹ má sá a sí etí ọ̀nà márosẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni irú asùnwọ̀n wo. Senna alata ń jẹ́ ẹ, Senna podocarpa náà ń jẹ́ ẹ. Ẹ gé ẹ̀ka tó ní ewé àti òdòdó, ẹ gbé e lọ sí herbarium, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pamọ́ sí fún ìdámọ̀, ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, kí wọ́n dá a mọ̀ kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Láìsí nọ́ńbà yẹn, kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹ dán wò. Ìkejì ni ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlò ẹranko. Ẹ gbà á kí eku tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ pín oògùn gbígbẹ sínú ìgò kéékèèké tó pa dé, ọ̀sẹ̀ kan kan, sínú fírísà. Èyí tí ẹ bá fi omi pò, kí ó má sùn. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì tí èyí tí ẹ ti pò ń kan nínú fíríìjì, ẹ dà á nù, kó dùn yín kí ẹ sì dà á nù. Yàrá eku pẹ̀lú, 22°C ni ìlànà ní, pẹ̀lú ìyàtọ̀ mẹ́ta sókè tàbí sísàlẹ̀. Yàrá aláìní fáànù ní Yaba kọjá ìyẹn dáadáa lọ́sàn-án. Ooru nìkan máa ń dín oúnjẹ eku kù, ara á sì fọn. Bí àgò àwọn tó ń mu 1000 bá wá wà lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ẹ ó sọ pé ewé ló fọn wọ́n. Ẹ máa yí ipò àgò padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọjọ́ 28 pé. AST àwọn tó mu 1000 mg/kg fi ìlọ́po méjì ga, ṣùgbọ́n ALT àti bilirubin, tí a máa ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ bíi AST láti fi yẹ ẹ̀dọ̀ wò, kò yí, ẹni tó wo ẹ̀dọ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù kò sì rí nǹkan. Kí ni ká kọ? *Onímọ̀ Láàbù, Èbúté Mẹ́ta*

ÌDÁHÙN: Irú àwọ̀ wo ni omi ẹ̀jẹ̀ wọn ní? Bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi sóbò, ẹ̀jẹ̀ ti fọ́. AST wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ó wà nínú ọkàn àti iṣan, kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀ nìkan. ALT ló sún mọ́ ẹ̀dọ̀ jù. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi agbára fà, títú ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò láìyọ abẹ́rẹ́, gbígbọn ìgò, ìgò tí omi wà nínú rẹ̀, gbígbé odindi ẹ̀jẹ̀ sí fírísà nítorí pé iná lọ tí ẹ̀rọ kò lè yí: gbogbo wọn ló ń fọ́ ọ. Ẹ tún wo ìwé pé ta ni ẹ kọ́kọ́ pa. Níbi púpọ̀, ẹgbẹ́ olómi ni aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹgbẹ́ 1000 ni aago méjì ọ̀sán, nígbà tí ọwọ́ ti rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sì ti jókòó nínú ooru. Ẹ máa pò wọ́n pọ̀, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ léra.

Bí àwọ̀ rẹ̀ bá mọ́, ẹ yẹ creatine kinase wò, èyí tó máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣan bá fara pa, kí ẹ sì wo ọkàn àti iṣan itan lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹ kọ iye AST bó ṣe jẹ́, kí ẹ kọ ipò omi ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má yọ ọ́, ẹ má sì pè é ní àìsàn ẹ̀dọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Owó eku funfun ti wọ́n jù. Eku gọ́tà pọ̀ ládùúgbò wa. Ṣé a ò lè mú wọn? *Ọmọ Láàbù, Ṣómólú*

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ ò mọ oúnjẹ tó jẹ lánàá, ẹ ò mọ iye oògùn eku tó ti wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ ń gbé kòkòrò leptospirosis, àìsàn tó ń ran ènìyàn, irú eku kan nílẹ̀ wa sì ń gbé ibà Lassa. Bí owó kò bá tó fún eku ogójì, ẹ dín iye ẹgbẹ́ oògùn kù, ẹ má dín ẹgbẹ́ olómi.